Búlọ́ọ̀kù Kan, Lẹ́tà Kan

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lẹ́yìnkùlé ọmọ mi nígbà tí owú náà tún dé sí mi lọ́kàn. Mo ti da ẹ̀wà sórí atẹ, mò ń yọ òkúta inú rẹ̀ sọ́wọ́ òsì, mo sì ń gbọ́ ohùn láti inú pálọ̀. "Ẹ̀wà. Ọwọ́. Ilé. Ẹ tún un wí." Ohùn Màmá Ìbàdàn nìyẹn, ìyá ọkọ Bùkọ́lá ọmọ mi. Wọ́n ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn wọn sì ṣì ń jáde bíi pé kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ló wà níwájú wọn. Ọmọ méjì péré ló wà níbẹ̀: Fèyí, ọmọ ọdún méje, àti Àdùkẹ́ àbúrò rẹ̀. Fèyí tún un wí. Àdùkẹ́ kò wí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti wà lórí bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ Ajé nítorí tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní rò pé orogún nìkan ló ń jowú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, àgbàlagbà obìnrin lè jókòó ti atẹ ẹ̀wà kó máa jowú bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù funfun kan wà lára ògiri pálọ̀ Bùkọ́lá tó ń dán bí abọ́ tánganran. Màmá Ìbàdàn á kọ nǹkan sí i, wọ́n á fi aṣọ kékeré nù ún, á sì mọ́ tónítóní bíi pé ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan síbẹ̀ rí. Fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára. Oòrùn ló ń gbé fáànù náà ṣiṣẹ́, wọn kì í dúró de iná ìjọba. Nígbà tèmi, oòrùn kan náà yìí ló ń mú wa làágùn. A kò mọ̀ pé ó lè fẹ́ atẹ́gùn síni.

Ẹ̀yìn Ayọ̀bọ̀ ni Bùkọ́lá àti ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà, tí ọlọ́kadà máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ rin ibi ẹrẹ̀ yìí." Oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lápá ọ̀tún wọn, ọ̀pẹ sì wà lẹ́yìn. Ọkọ Bùkọ́lá ń jáde lọ sí Ìkẹjà kí ilẹ̀ tó mọ́, Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá. Kò sí bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó gbà láti wá gbé ọmọ níbẹ̀, ni tọkọtaya bá pinnu pé kí àwọn ọmọ máa kàwé nílé títí ọ̀nà yóò fi dára. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n wá ránṣẹ́ sí? Ìyá ọkọ. Èmi ni wọ́n pè gbẹ̀yìn, pé kí n wá bá wọn mójú tó ilé ìdáná fún ìgbà díẹ̀, kí Màmá Ìbàdàn má baà máa ti ìdí bọ́ọ̀dù dìde lọ ro ọbẹ̀.

Bùkọ́lá fi ọgbọ́n sọ ọ́. "Màmi, ẹ mọ̀ pé tíṣà ni wọ́n."

Mo ní mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò débi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ó wù mí kí n bi í pé ta ló kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní A, B, D. Mo gbé e mì. Mo kó aṣọ sínú báàgì, mo gbéra láti Ìgandó, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà.

Ohun tó wá mú kí owú náà le ni Àdùkẹ́. Ọmọ náà mọ gbogbo lẹ́tà. Bí o bá nawọ́ sí ọ̀kan, á pè é fún ọ ní ohùn kékeré. Ṣùgbọ́n kò tíì so wọ́n pọ̀ rí kó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí pé kó tó la ẹnu, Fèyí á ti pè é. Gbogbo ilé ló ń dúró de ọjọ́ tí Àdùkẹ́ máa kàwé. Ìyá rẹ̀ ń dúró, bàbá rẹ̀ ń béèrè lórí fóònù, Màmá Ìbàdàn ń dúró nídìí bọ́ọ̀dù. Èmi náà ń dúró, ṣùgbọ́n ìdúró tèmi kò mọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ló máa kọ́kọ́ kà á fún.

Nígbà tí wọ́n fún wọn ní àkókò ìsinmi, àwọn méjèèjì jáde wá bá mi.

"Màmá Ìgandó," ni Fèyí wí, "mọ́mì ní ara ògiri lẹ ti kọ́ àwọn níwèé. Ṣé ẹ ò ní bọ́ọ̀dù ni?"

"Gbogbo ilé wa ni bọ́ọ̀dù wa."

"Kò lè jẹ́ òótọ́, mà."

"Fèyí, àgbà kì í purọ́ fọ́mọ."

"Àmọ́ ẹ ní kò sí súìtì nínú báàgì yín lánàá."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín, àfi pé màá sọ fún yín ní ibi tí mo fò fún ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìgandó lónìí, tí ẹ mọ ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù tó fara kan ara wọn, ẹ ò lè mọ ibi tí mò ń sọ. Nígbà tí a kó débẹ̀ láti yàrá kan tí a háyà ní Mushin, òrùlé tí a lè rí láti ẹnu ọ̀nà wa kò pé márùn-ún. Ìyókù jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Àparò ló ń jí wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà á bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ọmọ mi ọkùnrin, Kúnlé, á sì ní kí n lọ sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́, òun fẹ́ sùn.

Ilé tí a kó wọ̀ kò tíì di ilé. Ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn iwájú, ó tán. Pákó la fi dí ojú fèrèsé, àpò sìmẹ́ǹtì la fi dí ihò tó kù. A kò rẹ́ ògiri rárá. Búlọ́ọ̀kù là ń wò láàárọ̀, búlọ́ọ̀kù là ń wò lálẹ́. Nígbà tí mo ráhùn, Bàbá Bùkọ́lá ní, "Ẹni tó bá ní dandan kílé parí kóun tó kó wọ̀ ọ́, ilé onílé ló máa kú sí." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe kọ́lé nígbà náà. A ń gbénú rẹ̀, a sì ń kọ́ ọ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ilé ìwé tó sún mọ́ wa jù wà ní òdìkejì àbàtà. Pákó gígùn méjì ni afárá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣeé rìn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á gbé pákó lọ, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Bùkọ́lá kò tíì pé ọdún mẹ́fà, Kúnlé ń tẹ̀ lé e, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi. Bàbá wọn ní, "Ìwọ náà kàwé. Kọ́ wọn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n lọ bu omi wá, ló bá gba Àpápá lọ síbi iṣẹ́.

Mi ò ní ṣọ́ọ̀kì. Èédú la ní, torí òun la fi ń dáná. Mo dúró wo ògiri pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì rí i pé bíríkìlà tó tò ó ti fa ìlà fún mi. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan jókòó sáàárín ìlà sìmẹ́ǹtì rẹ̀ bí àpótí. Mo kọ A sínú ti ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo kọ B sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Búlọ́ọ̀kù kan, lẹ́tà kan. Nígbà tí ìlà ìsàlẹ̀ kún, mo bọ́ sí èyí tó wà lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni òfin ilé ìwé wa ti wá. Ibi tí ọwọ́ ọmọ bá tó ni kíláàsì rẹ̀. Lẹ́tà wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké wà lókè wọn, ìsọdipúpọ̀ wà lókè pátápátá. A kì í gun àga. Ẹni tó bá gun àga ti jí kíláàsì tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọmọ bá ka ìlà kan, á fi ìka tọ lẹ́tà náà bí mo ṣe kọ ọ́, tí ìka á fi dúdú, nítorí mo gbà pé ohun tí ọwọ́ bá mọ̀, ojú kò ní gbàgbé. Bùkọ́lá jẹ ẹ̀bà bí àgbàlagbà lọ́dún yẹn, torí mo sọ fún un pé ẹ̀bà ló máa gbé e dé ìsọdipúpọ̀. Ní alaalẹ́, bí mo bá fẹ́ wẹ̀ wọ́n, ìka wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀, omi á sì dúdú kí n tó dé ẹsẹ̀.

Nígbà tí pálọ̀ kún, mo wọ yàrá. Yàrá jẹ́ ti ìṣirò. Ilé ìdáná jẹ́ ti orúkọ nǹkan: iyọ̀, epo, ìkòkò, iná. Àbúrò ọkọ mi kan wá kí wa láti Ọ̀yọ́, ó dúró láàárín pálọ̀, ó yí orí káàkiri, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ilé lẹ kọ́ ni àbí síléètì?" Bàbá Bùkọ́lá ní kó jókòó, àlejò ní òun fẹ́ ka ìlà kejì tán ná. Mò ń sọ fún yín, àlejò wa ń kàwé kó tó mu omi. Èwo nínú ilé yín lónìí ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ kun ún ní funfun, ẹ ní kí ọmọ má fọwọ́ kàn án.

Nínú gbogbo ìró ìgbà náà, èyí tó ṣì wà létí mi jù ni ti àkúfọ́ igbá tí Ìyá Ráfátù fi ń yan gàrí nínú agbada irin. Ṣáà, ṣáà, ṣáà, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi fẹjú. Aládùúgbò wa ni Ìyá Ráfátù, ọmọ onílẹ̀, Àwórì pọ́ńbélé, wọ́n sì dàgbà tó ìyá mi. Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọ́, wọ́n ní àtíbàbà, wọ́n sì ní ewúrẹ́ kan tí kò ní àpọ́nlé.

Ewúrẹ́ náà ló jẹ ìsọdipúpọ̀ wa. Mo kọ ọ́ sára àpò sìmẹ́ǹtì kí Bùkọ́lá lè máa gbé e jókòó síta. Ewúrẹ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó jẹ ti méjìlá, ó ń gòkè bọ̀, ó jẹ ẹ́ dé ti mẹ́fà kí n tó lé e. Bùkọ́lá àti Kúnlé ń jó. Mo fi ìbínú gbé ìyókù ìwé náà lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá Ráfátù wo ewúrẹ́, wọ́n wo ìwé, wọ́n wò mí.

"Ìyàwó, má bínú, jàre. Láti òní lọ, tí gàrí bá pọ̀ tí n ò mọ iye ẹ̀, òun ni n ó máa bi."

Mi ò rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ràn obìnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jowú wọn débi pé ìró igbá wọn ń ta mí létí. Bí mo bá ti ní kí ilé ìwé parí, àwọn ọmọ mi á bẹ́ jáde bí ọfà, ó di àtíbàbà Ìyá Ráfátù. Wọ́n á fún wọn ní gàrí gbígbóná pẹ̀lú àgbọn, wọ́n á ní kí Kúnlé máa kó èèpo, wọ́n á sọ ìtàn fún wọn. Èmi tí mò ń kọ́ wọn, èmi ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tí kò kọ́ wọn ní nǹkan kan ni wọ́n ń sá tọ̀. Nígbà Iléyá, kí n tó jí, àwọn ọmọ mi ti wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú epo ẹran lẹ́nu, wọn kò rántí pé mo se ìrẹsì. Àwọn àgbà ní ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ. Òwe náà dùn lẹ́nu. Ẹni tó ni ojú méjì àkọ́kọ́ ló mọ bó ṣe ń ta ni.

Bùkọ́lá náà pẹ́ kó tó kàwé, bí Àdùkẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà náà kò gbọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀. S á dá dúró, U á dá dúró. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí mo máa ń sọ pé, "Tún un wò," títí ohùn mi á fi rẹ̀, kì í ṣe ọmọ náà ló sú mi, ìdúró ló sú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo gba àárín ẹ̀gẹ́ lọ pè wọ́n wá jẹun. Mi ò tíì yọ sí àtíbàbà nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bùkọ́lá. Ó dúró ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹni tó kun ẹ̀rọ náà ti kọ ọ̀rọ̀ sí i lára ní ọ̀dà pupa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà fi ìka lé e, ó ń tọ̀ ọ́.

"Sù... ú... Sùúrù," ó wí. "Sùúrù ló gbà. Ìyá Ráfátù, sùúrù ló gbà ló wà níbí."

Mo dúró sínú ẹ̀gẹ́ bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. Ìró igbá dúró. Gbogbo èédú tí mo ti lò, gbogbo ìlà tí mo fọ̀ tí mo tún kọ, ìdí agbada gàrí ló ti wá so èso.

"Ṣó o ti kà á fún ìyá ẹ?" ni Ìyá Ráfátù bi í.

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Má kà á fún mi mọ́. N ò gbọ́ nǹkan kan. Sáré lọ mú un wá, kó o wá kà á fún un bíi pé ẹnu ẹ ò kàn án rí. Ìyá ló ń kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan báyìí. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Mo gba ẹ̀yìn sáré padà sílé ju bí ọmọ náà ṣe sáré lọ. Ó bá mi nídìí ààrò, mò ń fẹ́ iná tó ti ń jó tẹ́lẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́, a jọ lọ, ó ka ọ̀rọ̀ náà fún mi, mo sì lanu bí ẹni tí kò retí rẹ̀. Ìyá Ráfátù pàtẹ́wọ́ jù mí lọ. "Háà, Ìyàwó, o ti bí tíṣà fún wa." Àwa mẹ́ta la dúró yí ẹ̀rọ náà ká, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń ṣeré, ọ̀rọ̀ pupa yẹn nìkan ni kò ṣeré. Mi ò sọ fún wọn rí pé mo wà nínú ẹ̀gẹ́.

Ẹ máa rò pé owú tán lọ́jọ́ náà. Ó tún pọ̀ sí i ni. Bí ẹnìkan bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, o lè bá a jà. Bó bá wá jẹ́ pé ó mú un wá fún ọ, tó sì ṣe bíi pé kò kan òun, kí lo fẹ́ bá a fà? Mo jowú ọwọ́ tó là bẹ́ẹ̀. Mo bi ara mi bóyá èmi náà lè ṣe é bó bá kàn mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Bùkọ́lá pe bíríkìlà wá rẹ́ ilé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bíríkìlà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó po sìmẹ́ǹtì tán, ó dúró síwájú ògiri pálọ̀, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ti kà á tán kí n tó bò ó?" Mo ní kó máa bò ó lọ. Ni Kúnlé bá fẹ̀yìn ti ògiri, ó bú sẹ́kún. Ìlà kan wà lókè tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó. "Mi ò tíì débẹ̀, mi ò tíì débẹ̀." Bíríkìlà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé èjìká, ó sì gbé e rìn láti ìgun kan dé èkejì, tí Kúnlé ń fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló bò ó. Afárá gidi dé, ọ̀nà là, àwọn ọmọ mi wọ aṣọ ilé ìwé bí ọmọ gbogbo èèyàn. Àwọn ẹbí Ìyá Ráfátù ta ilẹ̀, wọ́n mú ìyá náà lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, epo bẹntiróòlù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n A ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn mi ní Ìgandó, lábẹ́ sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà. Mo máa ń fọwọ́ kan ibẹ̀ bí mo bá ń gbálẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ ká rí i," ni Fèyí wí nígbà tí mo dákẹ́.

Iwájú ilé Bùkọ́lá nìkan ni wọ́n rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù. Wọn kò yàtọ̀ sí wa tó bí wọ́n ṣe rò. Mo gbé atẹ sílẹ̀, mo mú èédú kan nídìí ààrò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò ronú ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ̀wà ló wà níwájú mi, ẹ̀wà náà ló sì wà lórí bọ́ọ̀dù. Mo kọ Ẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù kan, mo kọ W sínú èkejì, À sínú ẹ̀kẹta. Fèyí ti la ẹnu.

"Fèyí, lọ bu omi wá fún mi."

"Omi wo, mà?"

"Omi tí ẹnu rẹ kò ní lè sọ̀rọ̀ kó tó dé."

Ó lọ. Àdùkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó fi ìka tọ̀ ọ́. Ó kàn tọ̀ ọ́ ni. "Ẹ̀..." Ó dúró. Mo di ẹnu mi pọ̀. "Ẹ̀... wà." Ó wo atẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ògiri. "Ẹ̀wà. Ẹ̀wà yìí ni, mà."

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ti di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ojú mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí ara mi tí mò ń wọ pálọ̀, tí mo dúró síwájú bọ́ọ̀dù funfun yẹn, tí mo sọ fún Bùkọ́lá pé kó wá gbọ́ ohun tí ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà ṣe. Tèmi ni. Ta ló tún fẹ́ gbà á?

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Màmá Ìbàdàn. Wọn kò mọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́. Wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń dá sọ ọ́ fún ara wọn: "Ẹ̀wà. Bóyá màá ya àwòrán sí i. Ẹ̀wà." Wọ́n mí kanlẹ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn ẹni tí ìdúró ti sú ni. Mo ti lò ó rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan ní Ìgandó, tí igbá ń ró ṣáà, ṣáà lẹ́yìn ilé.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọmọ náà gbóná lẹ́nu mi bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

"Àdùkẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọlé lọ, kó o lọ kà á fún Màmá Ìbàdàn, bíi pé ẹnu ẹ ò kàn án rí."

"Ṣé irọ́ ni, mà?"

"Eré ni."

"Ó dáa, mà."

Ó wọlé. Fèyí gbé omi dé, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sára ògiri, mo fi ọwọ́ fọ èédú náà kúrò.

"Kí ló dé tí ẹ pa á rẹ́?"

"Ilé ìwé ti parí."

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ nínú pálọ̀. Màmá Ìbàdàn ń pe Bùkọ́lá, Bùkọ́lá ń sáré bọ̀ láti yàrá, gbogbo wọn ń pè mí. Mo wọlé. Àdùkẹ́ tún un kà. Mo lanu bí ẹni tí kò retí rẹ̀, mo sì pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Bí mo ṣe ń pàtẹ́wọ́ náà ni ó yé mi bí ọwọ́ Ìyá Ráfátù ṣe lè ti rí lọ́jọ́ náà. Mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé kò dùn wọ́n. Èmi, ó dùn mí. Mi ò ní fi bò fún yín. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Mo padà sídìí ẹ̀wà mi. Lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀, Màmá Ìbàdàn gbé àpótí jáde, wọ́n jókòó sí òdìkejì atẹ. Wọ́n wo ògiri tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀, wọ́n bu ẹ̀wà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣà á. A jọ ń ṣà á. Òkúta kan, wọ́n jù ú nù. Òkúta mìíràn.

"Ẹ ṣeun, àna mi," ni wọ́n wí, wọn kò gbójú sókè. "Àmọ́ nígbà mìíràn, ẹ fọ ìka ọmọ náà kẹ́ ẹ tó rán an sí mi. Bọ́ọ̀dù tèmi kì í yọ èédú."